Ọwọ́ Òsì Títíladé

Ìlà náà tún wọ́ lójú kọ̀ǹpútà. Títíladé fi máòsì sílẹ̀, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú kó má gbọ̀n mọ́. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni ọwọ́ náà kò ti gbọ́ràn sí i lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ àwòrán ilé ló fi ń jẹun ní ọ́fíìsì wọn l'Adégbayì, láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà kò tíì gorí tábìlì rárá.

Ọ̀gá wọn, Ajíbádé, ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. "Títíladé, àwòrán ilé ìgbẹ̀bí yìí kò gbọdọ̀ pẹ́. Jẹ́ kí Kifayah parí ẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wá máa dá àwọn oníbàárà lóhùn níwájú."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni ń bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀, ó sì jáde lọ.

Kifayah, ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. "Àǹtí, ẹ gbàgbé máòsì. Ẹ fi ọwọ́ òsì tẹ L."

"Kí ni yóò ṣe?"

"Lẹ́tà yẹn ló ń pe ìlà. Ẹ wá fi nọ́ńbà sọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa dé. Ọwọ́ yín ò ní í fà á rárá."

Ìlà fò jáde, ó gún ṣánṣán. Títíladé wò ó títí. "O mọ èyí, o sì ń wò mí níran?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, Àǹtí. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mo fẹ́ máa kọ́ yín níṣẹ́."

Títíladé kò bínú. Ó ti ń tẹ òmíràn. Nígbà kan ó ṣi C tẹ̀, òbìrìkìtì ràgàjì kan gbé yàrá àwọn aboyún mì, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Díẹ̀díẹ̀ ni ìka òsì mọ ọ̀nà: E fún ìparẹ́, U láti dá àṣìṣe padà. Ògiri ń dìde.

Nígbà tí Ajíbádé padà dé nírọ̀lẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. "Ta ló ya èyí?"

"Èmi ni, sà. Kifayah ló fọ̀nà hàn mí." Ó gbójú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá ẹlòmíràn síwájú. Ibí ni mo fẹ́ wà."

Ọkùnrin náà fa àga kan, ó jókòó tì í, ó nàka sí yàrá ìgbẹ̀bí. "Ilẹ̀kùn yìí há. Bí wọ́n bá ń ti aboyún bọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kò ní í gbà á kọjá."

Títíladé pa ilẹ̀kùn náà rẹ́. "Báwo ni bẹ́ẹ̀dì wọn ṣe fẹ̀ tó, sà?"