Lọ́ọ̀kì Tí Òun Gan-an Ò Lè Ṣí

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló lé oorun kúrò lójú Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́, tó ń rẹ́ kọ́kọ́rọ́, tó ń ta lọ́ọ̀kì. Kì í ṣe èébú, kì í ṣe èpè. Ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì tó fẹ́ràn rẹ̀ ló dúró lórí àtẹ̀gùn, tó ń bá Ìyá Ìbejì, ará yàrá kejì, sọ̀rọ̀, tó wá ní, "Ẹ jẹ́ n sáré lọ pa fèrèsé dé, kí òjò má baà rọ̀ wọ ilé wa."

Ilé wa!

Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ wà nínú yàrá, ó ń jẹ búrẹ́dì tí ọmọbìnrin náà gbé wá. Búrẹ́dì há a lọ́fun. Ta ni "wa"? Ìgbà wo ni òun di "wa"? Ó wo yàrá yíká bí ẹni tí olè jà. Kọ́tìnì ojú fèrèsé: òun kọ́ ló rà á. Ìkòkò tó wà lórí sítóòfù: òun kọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kejì tó wà nínú ife, tó fẹ̀yìn ti tirẹ̀ bí ìyàwó ilé: òun kọ́ o!

Kí ẹ má baà rò pé ṣe ni wọ́n já wọlé bá a, òun fúnra rẹ̀ ló fún obìnrin náà ní kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, tí kò lè dìde ṣílẹ̀kùn, ọmọbìnrin yìí ló ń wá bí iṣẹ́ bá ti parí, pẹ̀lú ìyẹ̀fun ní ìpéǹpéjú, tó ń fi aṣọ tútù nù ún lójú, tó ń fi ṣíbí bu ọbẹ̀ sí i lẹ́nu. Ibà lọ, kọ́kọ́rọ́ ò lọ. Kí a má parọ́, inú ọ̀gá dùn sí i. Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọkàn rẹ̀ a fò sókè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ "ilé wa" yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ti adìẹ tó bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bó bá jókòó, a dìde. Bó bá dìde, a máa wá ibi tí yóò jókòó sí.

Ẹlòmíì ì bá pe obìnrin jókòó, ì bá ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rù ń bà mí." Ẹnu tí ọ̀gá fi ń polówó ọjà láti òwúrọ̀ di alẹ́, ọjọ́ tó nílò rẹ̀ gan-an, kò rí i lò. Kí ló wá rò? Ó ní òun máa pààrọ̀ lọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin náà á dé, á ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kò ní ṣí, á yé e, á máa lọ sílé rẹ̀ jẹ́jẹ́. Lọ́ọ̀kì á bá òun sọ ọ́.

Lọ́ọ̀kì kan sì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, baba gbogbo lọ́ọ̀kì. Orin kan náà ló máa ń kọ bó bá ń tà á: "Oníbàárà mi, ẹ wò ó dáadáa. Olè ò lè ṣí i. Bàbá olè ò lè ṣí i. Èmi tí mò ń tà á gan-an, mi ò lè ṣí i!"

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó mọ̀ pé ọmọbìnrin náà ti wà nídìí ààrò búrẹ́dì, ó tú lọ́ọ̀kì àtijọ́, ó de tuntun. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orí tábìlì, ó ń nu ọwọ́. Àfi pá, pá, pá: bàtà Ìyá Ìbejì lórí àtẹ̀gùn! Ọ̀gá ò fẹ́ kó bá òun nídìí lọ́ọ̀kì. Ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn pa, kàkà, lọ́ọ̀kì sì ti fúnra rẹ̀! Ó kọjá lára ìyá náà bí ẹni tí oyin ń lé.

"Ẹ káàárọ̀ mà!"

"Ọ̀gá, kí ló ń lé yín?"

"Iṣẹ́ ni mà!"

Ní ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ ò ṣeé ṣe. Ó rẹ́ kọ́kọ́rọ́ oníbàárà kan títí ó fi dà bí eyín arúgbó. Ó fún ẹni tó fẹ́ ra àgádágodo ní òrùka tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ sí, ó tún ní kó máa lọ, ó ti tán. Gbogbo ẹsẹ̀ tó ń kọjá níta, lójú rẹ̀, ti ọmọbìnrin náà ni. Ó ti múra èébú sílẹ̀: bó bá bú mi báyìí, màá dá a lóhùn báyìí.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ọmọbìnrin náà dé. Ó ń mí hẹlẹ, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ mi, jọ̀ọ́, má bínú."

Ọ̀gá yanu. "Kí n má bínú kẹ̀?"

"Mo ti ba kọ́kọ́rọ́ ilé jẹ́. O ṣáà mọ̀ pé ọwọ́ mi le. Àtàárọ̀ ni mo ti ń po ìyẹ̀fun, mo dé ìdí ilẹ̀kùn, mo tún ń po ilẹ̀kùn! Mo yí i títí, kò ṣí. Bá mi wò ó."

Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́. Kò sí ohun tó ṣe é. Ibi tó yẹ kó sọ̀rọ̀ nìyí. Àmọ́ ó fà á mọ́ irin ìrẹ́kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ohun tí kò ní àléébù, kìrìkìrì, kìrìkìrì.

"Ó... ó wọ́ díẹ̀. Fi sílẹ̀ títí di ọ̀la."

"Ọ̀la kẹ̀? Ìwọ ò ní lọ sílé ni? Gbé e fún mi, ká jọ lọ. Tìẹ á ṣí i."

Bí wọ́n ṣe jọ ń lọ nìyẹn. Ọmọbìnrin náà ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ tó sín sínú ìyẹ̀fun, tó ní atẹ́gùn ni. Kẹ̀kẹ́ kan fẹ́ gbá Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́, obìnrin náà ló fi apá aṣọ rẹ̀ fà á sẹ́yìn, kò tilẹ̀ dá ọ̀rọ̀ dúró.

Wọ́n dé ìdí ilẹ̀kùn. Ọ̀gá kiwọ́ bàpò. Kọ́kọ́rọ́ ń dún woroworo níbẹ̀: ti ṣọ́ọ̀bù, ti àpótí, ti ilé onílé. Ó wá rántí tábìlì. 

Ìyá Ìbejì yọjú. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o! Ọ̀gá, lọ́ọ̀kì tuntun yẹn mà dán! Ẹ ẹ̀ dúró gba oríyìn láàárọ̀. Mo ní, ẹ wo ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé de ìyàwó!"

Ọmọbìnrin náà wo lọ́ọ̀kì. Ó wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n rẹ́ lára.

"Láàárọ̀?"

Ọ̀gá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"O wá jókòó, o ń rẹ́ èyí lójú mi?"

Ìbá pariwo, ìbá sàn. Kò pariwo. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Ṣílẹ̀kùn. Mo fẹ́ kó ẹrù mi."

"Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà nínú ilé."

"Ṣebí ìwọ lo máa ń ṣílẹ̀kùn fún aráyé?"

"Eléyìí... èmi gan-an ò lè ṣí i."

Ìyá Ìbejì fi etí aṣọ dí ẹnu, ó wọlé, àmọ́ kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tán. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu oníbúrẹ́dì náà. Kí ẹ̀rín tó parí, omi ti dé ojú.

Ọ̀gá sáré lọ gbé ẹ̀rọ tó fi ń lu ihò sára irin wá, ó kúnlẹ̀, ó ń lu lọ́ọ̀kì. Láàárín ariwo, ó ní, "Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ ni."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe ara ilẹ̀kùn. Yíjú sí mi."

Ó yíjú. "Nígbà tí o ní 'ilé wa', mo rò ó pé bí o bá fara tì mí pátápátá, mo máa já ọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan."

"Lo bá yára já mi sílẹ̀, kí ọjọ́ má baà pẹ́! Gbọ́. Bí o bá fẹ́ kí n lọ, sọ pé kí n lọ. Bí o ò bá mọ̀, sọ pé o ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo dúró níwájú ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń bú ara mi: ọwọ́ mi le, mo ti ba nǹkan oníǹkan jẹ́. O gbọ́ ọ, o sì jẹ́ kí n máa bú ara mi lọ. Ṣé kí n lọ?"

"Mi ò mọ̀."

"O ṣeun. Òótọ́ tí o kọ́kọ́ sọ lónìí nìyẹn."

Lọ́ọ̀kì já. Ọmọbìnrin náà wọlé, ó ká kọ́tìnì, ó kó ìkòkò, ó mú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tuntun lórí tábìlì. Nígbà tí ọ̀gá fẹ́ bá a gbé ẹrù, ó ní, "Má yọ ara ẹ lẹ́nu," ó sì lọ.

Ohun tí ọ̀gá ń wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹ wò ó bó ṣe ń gbádùn ẹ̀! Ilẹ̀kùn ò pa dé mọ́. Aráyé ń wò ó láti ojú fèrèsé. Búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣubú sínú ife, kò rí ohun tó máa fẹ̀yìn tì. Bí ẹsẹ̀ bá dún lórí àtẹ̀gùn, ọkàn rẹ̀ a fò: Ìyá Ìbejì ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gba ọ̀nà ilé oníbúrẹ́dì kí ìyẹn tó lọ síbi iṣẹ́, ó dé inú ọgbà, ó dúró, ó ń wo ilẹ̀kùn tó tò lọ rẹrẹ. Kò mọ èwo ni. Obìnrin náà ló ń wá láti ọjọ́ yìí. Òun ò yà wò ó rí. Ọkùnrin tó mọ ilẹ̀kùn gbogbo àdúgbò wá ń béèrè ti ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fọṣọ.

Wọ́n júwe rẹ̀. Lọ́ọ̀kì ara rẹ̀ ò níláárí, ìdí ṣíbí lásán á ṣí i. Ìka ọ̀gá ń jẹ ẹ́ láti ṣí i. Ó kówọ́ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta ni?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ lọ́nà fò lọ.

"Èmi ni. Ọwọ́ ẹ ò le. Kò sí ohun tó ṣe kọ́kọ́rọ́ yẹn, èmi ni mo bà á jẹ́."

 Ọmọrí ìkòkò dún nínú ilé.

"Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ báyìí. Mi ò fẹ́ kí o lọ."

"Ṣé nítorí kọ́tìnì ni?"

"Kọ́tìnì wà lára ẹ̀ díẹ̀."

Ó gbọ́ tí wọ́n gbé ìkòkò kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ tún jáde, kò dùn, kò korò. "Dúró síbẹ̀. Mò ń rò ó."

Ọ̀gá dúró. Àwọn tó ń fọṣọ ń wò ó, wọ́n ń fi ìgúnpá gún ara wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún fẹ́ máa lọ sílé, tòsì fẹ́ gbá ilẹ̀kùn wọlé.  Ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀.