Ẹni Tó Fẹnu Fẹ́ Aago

“Wọ́n ní ó sọ pé...”

“Kí ló sọ?”

“Pé ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kàn yìí... pé pósí ni.”

“Háà! Ọmọ ìyá kan náà!”

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n àti aládùúgbò kan ló ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì. Wọn ò mọ̀ pé Aláago, àbúrò tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, wà lẹ́yìn wọn. Òun ló to gbogbo aago iwájú awakọ̀ sínú ọkọ̀ náà, ọdún mẹ́rin gbáko. Nítorí ọ̀rọ̀ pósí yìí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ó sì mọ ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ: jórinjórin wọn, bàbá tó ń bá wọn jó irin ọkọ̀ náà pọ̀.

Lọ́la ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ fò. Ó lè panu mọ́ nípa aago kan tó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, kó máa wòran. Èrò náà dùn mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rù ara rẹ̀ sì bà á. Rárá o. Ojú jórinjórin ló fẹ́ kó já wálẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀.

Ó wọlé tòun ti síríńjì àti rọ́bà olómi pupa tó kàn mọ́ pákó tó fàmì ìwọ̀n eré sí.

“Bọ̀dá mi, ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ ṣáà wo aago eré.”

Ó ki rọ́bà bọ páìpù tó ń gba afẹ́fẹ́ lábẹ́ apá ọkọ̀, ó rọra ti síríńjì. Omi gun pákó dé àmì ọgọ́ta, ó dúró. Ọwọ́ aago wà lórí àádọ́rùn-ún.

“Ẹ ò ní tí ì sáré tó, aago á ní ẹ ti sáré kọjá. Ẹ á gbà á gbọ́, ẹ á sì já lulẹ̀.”

Ojú ẹ̀gbọ́n ràn. “Ta ló bà á jẹ́?”

“Ẹ bi ẹni tó fẹnu fẹ́ páìpù tó lọ sínú aago ẹlẹgẹ́ yìí.”

Jórinjórin, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. “Eruku ni mo fẹ́ dànù. Ṣé èémí lásán ń ba irin jẹ́ ni?”

“Èémí yín kọ́ ni lásán, bàbá. Òun náà ló gbé irọ́ dé etí bọ̀dá mi láìsinmi lọ́nà.”

“Ó ti tó,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Jọ̀ọ́, wá tún un ṣe.”

“Kò tí ì tó. Ẹ pe ìyàwó yín àti àlejò rẹ̀ wọlé. Kí bàbá sọ ohun tí mo sọ, bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an.”

Àwọn méjèèjì wọlé. Jórinjórin ń kùn nínú imú.

“Ẹ gbóhùn sókè, bàbá. Nígbà tí ẹ ń bà mí jẹ́, ohùn yín ò há.”

Jórinjórin wolẹ̀. “Ó ní, ‘Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ o. Bí ẹ bá fẹnu fẹ́ ẹ, pósí lẹ sọ ọkọ̀ yìí dà fún ẹ̀gbọ́n mi, èmi ò sì ní ẹlòmíì.’”