Ìwọ̀n Ìyẹ̀fun Fàdákà

Níbi iṣẹ́ wa, níbi tí a ti ń ṣe dígí, a kì í da omi fàdákà tó bá ṣẹ́ kù nù. Omi iyọ̀ la máa ń dà sí i, ìyẹ̀fun funfun á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Inú ìyẹ̀fun yẹn ni fàdákà wà. Èmi ni mò ń ṣírò iye tó yẹ kó jáde. Àbúrò mi ló ń sẹ́ ẹ, tó sì ń mú un gbẹ. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí gbogbo nǹkan ló máa ń rọra ṣe, àfi oúnjẹ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyẹ̀fun ti dín. Nígbà méjèèjì, òun àti Ìyá Afọdígí, opó kan tó ti dàgbà, ni wọ́n jọ ṣe é. Lónìí, Ọ̀gá ní kí Jẹ́jẹ́ nìkan ṣe é.

"Bó bá dín, Jẹ́jẹ́ lolè. Bó bá pé, ìyá yìí ni. Ọlọ́pàá ni màá pè fún ẹni tó bá jẹ́. Oníṣirò, ó yá, sọ̀rọ̀."

Mo ṣí ìwé ìṣirò mi. "Lítà méjì ni omi náà, sà. Ìdajì móòlù fàdákà ló wà nínú lítà kan, móòlù kan ló wà nínú méjèèjì. Móòlù ìyẹ̀fun yìí kan sì wọn giramu mẹ́tàlélógóje."

Jẹ́jẹ́ da ìyẹ̀fun sórí òṣùwọ̀n. Nọ́ńbà sáré lọ sáré bọ̀, ó wá dúró: mẹ́tàlélógóje géérégé.

Mo fò mọ́ àbúrò mi. Inú mi dùn dé gongo. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ ìyá òun lólè?

Ìyá Afọdígí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mi ò jí nǹkan kan o! Ẹ ṣàánú mi!" Ọ̀gá ti ń tẹ fóònù.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìyẹ̀fun náà sínú ìgò. Ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, omi jáde.

Àyà mi já. Gbígbẹ ló yẹ kó wọn iye yẹn. Bó bá tutù, tí kò sì dín, ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wojú Jẹ́jẹ́, ilẹ̀kùn ló ń wò.

Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Ṣùgbọ́n Ìyá Afọdígí ńkọ́, ọmọ ta ni?

"Ẹ dákun, sà, ẹ pa fóònù yẹn ná," ni mo wí, omijé ti gba ojú mi. "Ẹ jẹ́ ká fi iná mú un gbẹ, ká tún un wọ̀n."

Ọ̀gá bi mí pé kí ló dé. Ìyá Afọdígí náà bi mí. Àbúrò mi nìkan ni kò béèrè.