Ìbọ̀wọ́ Mùnírù

Ojú kan àwo orin ni mo máa ń fi ya ohun kan. Bí abẹ́rẹ́ bá ti dé àárín, mo gbé pẹ́ńsù sílẹ̀ nìyẹn. Báyìí ni mo ṣe ya abọ́ tó dálu àti bàtà tí kò ní ìkejì, nítorí pé láyé owó epo yìí, kò sí ohun tí a kì í jù dànù ní Ìsọlọ̀, títí kan ènìyàn.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni mo ń yà. Orí ààtàn ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ni mo ti rí i: ìka mẹ́ta ti gé kúrò lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́ ọn, nọ́ńbà 47 sì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà Mùnírù ni, aládùúgbò mi tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà gé ní ìka mẹ́ta lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn ọ̀gá ní kò wọ ìbọ̀wọ́, pé àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọn yóò lé e. Èmi àti òun ti pinnu láti fi ìbọ̀wọ́ náà han gbogbo òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà sì ti ta sí fọ́máànù wọn létí.

Àpàlà ṣì ń lọ lórí àwo nígbà tí Olúbọ̀wálé fọ́máànù fi ẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn, géńdé méjì lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọmọ yunifásítì! Ṣé ààtàn lo lọ kàwé sí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìbọ̀wọ́ yẹn sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ló wà lára rẹ̀."

"Tìrẹ náà á kún un."

Ó já àwo orin kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó fi lù mí lágbárí títí ó fi fọ́. Àwọn géńdé ń fi bàtà wá egungun ìhà mi. Ó da kẹrosíìnì sí ìbọ̀wọ́, ó ṣáná sí i. Ó fa àwòrán ya kúrò nínú ìwé mi, ó rún un lẹ́nu, ó sì tu ú sí mi lójú.

"Ya ìyẹn náà."

Wọn kò mọ̀ pé mo máa ń tẹ pẹ́ńsù gan-an bí orin bá wọ̀ mí lára. Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e ti gba gbogbo rẹ̀, bí ilẹ̀ tútù ṣe ń gba ojú ẹsẹ̀. Mo fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù ra á díẹ̀díẹ̀: ìka méjì yọ, kùkùté mẹ́ta yọ, 47 yọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi àti Mùnírù gbé ìwé náà sókè lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Olúbọ̀wálé rí ohun tó ti rún lẹ́nu.

"Irọ́ ni! Èmi fúnra mi ni mo jó ìbọ̀wọ́ yẹn!"

Àwọn òṣìṣẹ́ yíjú sí i.

"Ọ̀gá," Mùnírù ní, "ṣebí ẹ ní mi ò wọ ìbọ̀wọ́?"

Sípánà òṣìṣẹ́ kan ló kọ́kọ́ dún lórí Olúbọ̀wálé. Lẹ́yìn náà, n kò lè ka iye wọn mọ́. Mo lè kígbe pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. N kò kígbe.

Nígbà tí wọ́n gbé e lọ, bàtà rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lójú títì. Mo mú un relé, mo gbé e ka orí tábìlì, mo sì yà á láìsí orin.