Iwin Lẹ́yìn Kàlẹ́ńdà Ìjọ

Tábìlì ìjẹun tí ìyá mi rà fún mi nígbà ìgbéyàwó, iwin ló gbà á lọ́wọ́ mi. Orí ilẹ̀ la ti ń jẹun nílé wa ní Ìjòkó, nítorí pé Adérógbà, ọkọ mi, ti tẹ́ igbó, odò àti ààfin iwin sórí tábìlì. Géèmù ló ń ṣe. Ó pè é ní Adé Abẹ́ Odò. Ẹni tó bá ju dáìsì á la igbó já, á sá fún Iwin Olórí-Méjì, á wọ odò lọ gbé adé wá. Bá a bá jẹun tán, á ní kí n jókòó ká ta á wò. Màá jókòó, màá máa kùn. Mo ní etí mi ò gba òfin iwin.

Iṣẹ́ gidi ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike lọ́nà Ọ̀tà. Ó fi í sílẹ̀ kí géèmù yìí lè jáde. Mo bínú, mi ò ní purọ́. Adìẹ bà lókùn lọ̀rọ̀ ilé wa: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ta ni yóò wá tẹ géèmù náà? Ìgbà yẹn ni ìjọ ń hù ní Ọ̀tà bí olú, yunifásítì náà ń hù tẹ̀lé e, àwọn atẹ̀wé Sàǹgó ò sì ráyè fún nǹkan mìíràn ju pósítà ìsọjí àti ìwé ètò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde lọ. Ṣótúndé la kọ́kọ́ lọ bá. Ó wo àwòrán iwin, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní wọ́n ti ta òróró sí ẹ̀rọ òun lórí, iwin kankan ò ní gba inú rẹ̀ kọjá.

“Ẹ sọ wọ́n di áńgẹ́lì,” ló wí, “màá tẹ̀ wọ́n lónìí.”

Ọkọ mi rò ó títí. Áńgẹ́lì tó ń jí iṣu oníṣu? Kò ṣeé ṣe.

Alhaji Kàdírì, atẹ̀wé tá a lọ bá tẹ̀lé e, ò bá iwin jà ní tirẹ̀. Ojú wọn ni kò fẹ́. Ó ní kò dáa kéèyàn máa ya ohun ẹlẹ́mìí, ká pa ojú wọn rẹ́.

“Alhaji, bí wọn ò bá lójú, báwo ni wọ́n ṣe máa rí èèyàn mú nínú igbó?”

“Ìyẹn kan àwọn iwin,” ni Alhaji dáhùn.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ la rí Silas. Silas ò bèèrè ẹ̀sìn iwin. Kàlẹ́ńdà ìjọ ńlá kan ládùúgbò wa ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn olójú kan gbàgàdà yẹn tí àwòrán Pásítọ̀ máa ń wà níwájú rẹ̀. Ó ní tó bá ti parí rẹ̀, tiwa ló kàn.

Àwọn atẹ̀wé láṣà kan. Kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, bébà tó bàjẹ́ lára iṣẹ́ àná ni wọ́n máa kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́, títí àwọ̀ á fi jáde dáadáa, kí bébà tuntun má baà ṣòfò. Silas ki kàlẹ́ńdà tó bàjẹ́ bọ ẹ̀rọ. Odò jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó rẹwà. Inú Silas dùn, ó bẹ̀rẹ̀ orin, ó nawọ́ sẹ́yìn, ó tún ń kó bébà sí i. Àṣé òkìtì kàlẹ́ńdà tó dára ló ń kó. Kó tó fura, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà gbogbo ìjọ ti di ìlú iwin, ẹ̀rọ sì kọṣẹ́ kó tó kan bébà tiwa. Ó rọra kó kàlẹ́ńdà náà fún ìjọ.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú,” ló wí fún ọkọ mi. “Ta ló sì ń wo ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà?”

Ọkọ mi délé. Ó kó igbó, ó kó odò, ó kó gbogbo iwin rẹ̀ sínú páálí, ó nu tábìlì mọ́ tónítóní. Ó ní tó bá di Mọ́ńdè, òun ń padà síléeṣẹ́ ike. Ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún nìyẹn. Mo gbé oúnjẹ sórí tábìlì mi, oúnjẹ ò lọ. Ẹkún ni mo ń sun. Mi ò mọ̀ pé mo fẹ́ràn géèmù burúkú yẹn tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n kanlẹ̀kùn. Ìyá Àpọ́nlé, ìyá ìjọ fúnra wọn, ni mo rí, tàwọn ti kàlẹ́ńdà lábíyá. Ọkọ mi bọ́ sẹ́yìn mi.

“Sọ pé mi ò sí nílé.”

Màmá ti rí i. Wọ́n wọlé, wọ́n tẹ́ kàlẹ́ńdà sórí tábìlì, wọ́n da ojú Pásítọ̀ dé.

“Orúkọ àti àdírẹ́sì yín ni mo rí nísàlẹ̀ níbí. Ẹ̀yin lẹ ni nǹkan yìí?”

Ọkọ mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ dárí jì wá, Mà.”

“Ẹ dìde, ẹ dá mi lóhùn jàre. Bí Iwin Olórí-Méjì bá gba adé lọ́wọ́ mi létí odò, ṣé mi ò lè gbà á padà ni? Kò sófin níbẹ̀, oníkálukú ń ṣòfin tiẹ̀. Ìdérí mínírà là ń fi ta á. Àwọn kúáyà ò kí ara wọn mọ́.”

“Pásítọ̀ ńkọ́, Mà?” ni mo bèèrè. “Ṣé wọ́n ti gbọ́?”

“Ta lẹ rò pé iwin ń bá ṣiṣẹ́? Ọwọ́ wọn ladé mi wà!”

Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde nílẹ̀. Èmi ni mo fèsì.

“Ẹ ò lè gbà á lójú ẹsẹ̀, Mà. Ẹ máa padà sídìí àràbà, ẹ máa ju mẹ́fà kí iwin tó sùn. Orí kan ló sì máa sùn o, ẹ ṣọ́ ìkejì. Bí iṣu bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fún un jẹ.”

Ọkọ mi yíjú sí mi. Ó pẹ́ tó ti wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn.

“Mọ́mì Àlàrí, àṣé o ti ń gbọ́?”

Mo ní kó lọ gbé páálí iwin wá, Màmá fẹ́ jókòó.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, orí ilẹ̀ la ti jẹun.