Àmì Ìbéèrè Lára Orúkọ Aláìsàn

Ìyá Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kan, bẹ́ẹ̀ kò tíì bímọ kankan. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọ̀gá àwọn dókítà fi kọ́kọ́rọ́ tì í mọ́ yàrá ẹ̀rọ tí kò ní fèrèsé.

"O ò ní jáde níbẹ̀ títí orúkọ yóò fi di orúkọ!"

Láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè tí wọ́n ti gbé ètò tuntun sórí kọ̀ǹpútà àwọn nọ́ọ̀sì, gbogbo lẹ́tà tó bá ní àmì lórí tàbí lábẹ́ ló ń di àmì ìbéèrè. Orúkọ ẹlòmíì ò ku ju lẹ́tà méjì lọ. Nọ́ọ̀sì kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gún ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìyá Ẹ̀rọ kọ́kọ́ yẹ inú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń kó orúkọ pamọ́ sí wò. Orúkọ àwọn aláìsàn àtijọ́ pé pérépéré. Ó wá yé e pé ábídí tí ẹ̀rọ ńlá ń lò kọ́ ni ètò tuntun ń lò. Lẹ́tà tí ètò náà ò bá mọ̀, àmì ìbéèrè ló ń fi dípò rẹ̀. Ó yí ìlà kan ṣoṣo padà. Orúkọ yọ jáde. Díẹ̀ ló kù kó jó ijó ayọ̀.

Àfi ìgbà tó dé ìsàlẹ̀ àkójọ orúkọ náà. Orúkọ mọ́kànlélógójì ṣì kún fún ìbéèrè: àwọn tó wọlé ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Inú ètò tó bàjẹ́ ni wọ́n ti tẹ̀ wọ́n, àmì ìbéèrè gan-an ló wá wà nípamọ́. Kò síbi tí yóò ti wá wọn rí.

Ó pe akọ̀wé tó tẹ àwọn orúkọ náà lórí fóònù. "Kí ló dé tó o fi ń tẹ̀ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà ni, àǹtí? Mo pè yín ní Sátidé. Ẹ ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ, pé kò sí nǹkan kan."

Òótọ́ ni. Orí bẹ́ẹ̀dì nílé ló wà nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló kó bá a. Tó bá dákẹ́, akọ̀wé ni wọn yóò lé lọ. Tó bá sọ̀rọ̀, òun ni. Iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí.

Ó kan ilẹ̀kùn. "Ọ̀gá, èmi ni mo fà á, sà."

Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn. "Mú bírò."

Wọ́n ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì, wọ́n ń béèrè orúkọ. Bàbá arúgbó kan ní, "Ẹ kọ ọ́ dáadáa o! Láti àná lẹ ti ń pè mí ní ohun tí bàbá mi ò sọ mí."

Ogójì orúkọ padà. Ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù: obìnrin kan tó ṣì dákú, tí kò mọ ibi tó wà. Ẹni tó gbé e wá láti ojú títì ti sọ orúkọ rẹ̀ fún akọ̀wé, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ. Akọ̀wé ò rántí.

Ìyá Ẹ̀rọ jókòó tì í. Lẹ́tà mẹ́ta, ìbéèrè mẹ́rin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ tó bá jọ ọ́ sí i létí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú obìnrin náà ò mira. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ wọlé, ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń pe òmíràn.