Yangí Iwájú Ilé Fàsásì

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí àgbàlagbà ti ń bá eruku jà, ilé Fàsásì alágbàfọ̀ ní Mùṣín lẹ bá lọ. Òmìnira ṣì ku bí ọdún mẹ́ta nígbà náà, ọ̀nà iwájú ilé rẹ̀ kò sì rí ọ̀dà rí. Tí Fàsásì bá fọ aṣọ tán, tó fi búlúù sí i, tó sá a sórí okùn, tí aṣọ funfun báláú, mọ́tò akẹ́rù kan ṣoṣo tó bá gba ibẹ̀ kọjá ti bà á jẹ́ nìyẹn. Eruku pupa á dìde, á wá fara balẹ̀ jókòó sórí kọ́là aṣọ bí ẹni tó san owó ilé. Fàsásì á sáré jáde pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ́wọ́, á máa ṣẹ́ èpè lé awakọ̀ tó ti lọ tipẹ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà fún un o. Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ló ń bọ́ ilé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Gertrude tó ń gbé ní Yábàá ló ń kó tirẹ̀ àti tàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, ó sì ti kìlọ̀ fún un: "Bàbá alágbàfọ̀, tí n bá tún rí àmì pupa kan lára aṣọ yìí, ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ tó wà ní Sábó ni mò ń kó o lọ. Ṣé ẹ fẹ́ káwọn aláìsàn rò pé ẹ̀jẹ̀ ni?" Fàsásì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Tí àwọn nọ́ọ̀sì bá lọ, kí ló kù? Ṣòkòtò Ṣàíbù? Ṣàíbù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nílé kejì, tó jẹ́ pé ọdún dé ọdún ló ń fọ ṣòkòtò!

Ìdí nìyẹn tínú rẹ̀ fi dùn lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà dé. Òyìnbó gíga kan ni ọ̀gá wọn. Gbádé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé, ló ń ṣe ògbufọ̀.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá," ni Gbádé wí, "ọ̀nà yìí la fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò, ká mọ ohun tó máa tọ́ níbí. Iwájú ilé mẹ́ta la máa lò. Tí òjò bá ti lọ, a máa padà wá wo èyí tó dáa jù."

Wọ́n da yangí síwájú ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n da ọ̀dà dúdú lé ti iwájú ilé Ṣàíbù. Wọ́n po sìmẹ́ǹtì mọ́ ti iwájú ilé Sùnmọ́nù onípákó. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé Fàsásì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ sínú mọ́tò.

"Tèmi ńkọ́?" ni Fàsásì bi wọ́n.

"Tiyín ti parí, bàbá. Yangí lásán ni tiyín."

Ṣàíbù fọwọ́ bo ẹnu, àmọ́ ẹ̀rín ti yọ. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Tó bá ti ń wù yín láti tẹ ọ̀dà, ẹ máa yà sọ́dọ̀ mi."

Ọ̀rọ̀ náà dun Fàsásì wọra. Ó jókòó sídìí ẹ̀bà, kò lè jẹ ẹ́. Àfi bó ṣe fọwọ́ lu orúnkún lójijì, tó pe Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ ọ́n! Ọ̀nà kọ́ ni wọ́n ń dán wò. Àwa ni!"

"Báwo, Bàbá Yẹ̀kínnì?"

"Ìgbà wo ni ìjọba ti ń wá wo ilẹ̀ lásán? Tí wolé-wolé bá wọlé, tó rí ìdin nínú ìkòkò omi, ṣé ìkòkò ló ń bá wí ni, àbí ẹni tó ni ín? Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún mi ní èyí tó burú jù ni, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mo mọ nǹkan tọ́jú. Ẹni tó bá tọ́jú yangí lásán dáadáa, òun ni wọ́n máa gbé ọ̀dà fún. Ìwọ náà rò ó wò: ta ló ń ra aṣọ tuntun fún ọmọ tó ń ya èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀?"

Àṣàkẹ́ rò ó wò, ó sì bọ́gbọ́n mu lójú òun náà. Ẹ má bú wọn. Ẹnikẹ́ni tí wolé-wolé bá ti kó sí wàhálà rí á ronú bẹ́ẹ̀.

"Tó bá jẹ́ ti ilẹ̀ lílù ni," ni Àṣàkẹ́ wí, "ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún èmi." Ìgbèríko Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i, àtikékeré ló ti ń lu ilẹ̀ ilé ìyá rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sílé, wọ́n fi èèpo irúgbá ránṣẹ́ sí i, ó sè é, omi rẹ̀ dúdú kirikiri, omi tó máa ń mú ilẹ̀ le bí òkúta. Ó lọ bá àwọn Fúlàní gba imí màlúù. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, Fàsásì á gbálẹ̀, Àṣàkẹ́ á wọ́n omi èèpo, àwọn méjèèjì á gbé igi pẹlẹbẹ, wọ́n á máa lu ilẹ̀. Tó bá sì ti ṣe díẹ̀, Àṣàkẹ́ á fi imí màlúù pa á kó lè dán. Tí táyà mọ́tò bá tẹ ojú kan wọlẹ̀, wọ́n á ti dí i kí awakọ̀ náà tó dé Ọ̀yìngbò.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ṣàíbù máa ń pariwo, "ṣé ẹ ri owó mọ́bẹ̀ ni?"

Fàsásì kì í dá a lóhùn, kó má lọ kọ́ ọgbọ́n náà. Ṣàíbù fúnra rẹ̀ ń fi kẹrosínì fọ ṣéènì kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀dà tirẹ̀ lójoojúmọ́, títí ọ̀dà fi rọ̀, tí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ fi ń rì sí i. Sùnmọ́nù ní tirẹ̀ ń ju ìtì igi sílẹ̀ látorí mọ́tò gbì, gbì, sìmẹ́ǹtì rẹ̀ sì fọ́ wẹ́wẹ́.

Òjò lọ, òyìnbó dé. Gbogbo àdúgbò jáde. Ó fi ọ̀pá irin gún ọ̀dà Ṣàíbù, ọ̀pá wọlẹ̀ bí ẹni gún ẹ̀bà. Ó gún sìmẹ́ǹtì Sùnmọ́nù, èérún rẹ̀ ta bá Gbádé lójúgun. Ó wá gún ti Fàsásì: gbàù! Ọ̀pá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òyìnbó kúnlẹ̀, ó fi ìka ra ilẹ̀, ó gbé e sí imú. Fàsásì rántí pé àná ni wọ́n fi imí màlúù pa á, ó bá gbójú sókè, ó ń wo sánmà.

Gbádé pàtẹ́wọ́. "Kò sí àríyànjiyàn. Ti Bàbá alágbàfọ̀ ló dáa jù!"

"Alihamudulilahi!" Fàsásì fò sókè, àwọn aládùúgbò ń ki í kú oríire. "Ọjọ́ wo lẹ wá ń gbé ọ̀dà bọ̀?"

"Ọ̀dà kẹ̀? Bàbá, ẹ ò nílò ọ̀dà mọ́. Yangí lásán la máa fi ṣe gbogbo ọ̀nà yìí látòkè délẹ̀. Àdúgbò míì la máa gbé ọ̀dà yẹn lọ."

Ẹnu Fàsásì ò lè pa dé. Ó ń wo Nọ́ọ̀sì Gertrude lọ́kàn rẹ̀, tó ń di ẹrù aṣọ lọ sí Sábó, nítorí ta ló máa lu gbogbo yangí yẹn?

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ṣàíbù wí jẹ́ẹ́, "ẹ ti pa wá."

Àṣàkẹ́ já ọkọ rẹ̀ léèékánná. "Bàbá Yẹ̀kínnì, ẹ jẹ́wọ́!"

"Tí wọ́n bá tì mí mọ́lé ńkọ́?"

"Kò sí eruku lẹ́wọ̀n. Ẹ sọ̀rọ̀!"

Fàsásì bọ́ síwájú òyìnbó. "Ọ̀gá, irọ́ ni yangí yìí ń pa fún yín o! Àwa la ń gbé e ró!" Ó sọ gbogbo rẹ̀, ti omi èèpo, ti imí màlúù. Àṣàkẹ́ gbé igi pẹlẹbẹ jáde, ó lu ilẹ̀ fún wọn rí. Gbádé túmọ̀ rẹ̀ títí. Ojú òyìnbó pọ́n. Fàsásì bá na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí wọ́n kúkú fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i.

Òyìnbó di ọwọ́ méjèèjì mú, ó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ní ohun tí òun ti ń wá gan-an nìyí," ni Gbádé wí. "Ó ní yangí ò ní láìfí, ìtọ́jú ni ò rí. Yangí náà la máa lò, ṣùgbọ́n onílé kọ̀ọ̀kan ló máa lu ti iwájú ilé tirẹ̀, láràárọ̀. Bàbá alágbàfọ̀ ló máa kọ́ yín, òun náà ló máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Sùnmọ́nù rọra jókòó sórí èérún sìmẹ́ǹtì rẹ̀.

Ẹ wá wo àdúgbò náà nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú. Eruku kankan ò dìde. Nọ́ọ̀sì Gertrude yí aṣọ síwá, ó yí i sẹ́yìn, kò rí nǹkan kan, ó sì tún mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wá. Inú Fàsásì dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín. Àmọ́ tó bá ń yẹ ọ̀nà wò láàárọ̀, tó ń kí tọ̀tún tòsì, igi pẹlẹbẹ nìkan ló ń dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kan ó dúró ti Ṣàíbù. "O kú iṣẹ́ o! Áà, ìwọ lo mọ̀ ọ́n lù jù ní gbogbo àdúgbò yìí. Níbo lo ti ń rí agbára?"

Ṣàíbù gbé igi sókè, ó nu òógùn ojú, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ nítorí àgbà.

"Kò le rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Orí yín ni mo máa ń rò pé ó wà níbẹ̀."